Àpótí Funfun Tó Ń Wo Afẹ́fẹ́ Wa

Ibi tí wọ́n kan àpótí náà mọ́ lára ògiri fàráńdà mi ṣì wà níbẹ̀: ihò ìṣó mẹ́rin, àti àmì onígun mẹ́rin kan tó mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ, nítorí eruku kò rí ibẹ̀ bà lé fún oṣù mélòó kan. Bí mo bá jókòó nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ojú mi máa ń lọ. N ó máa bi ara mi léèrè ohun tí mo mọ̀ báyìí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń jọ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, n ó dà bí ẹni tó wọ yàrá tó sì gbàgbé ohun tó wá mú.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, níbi tí ìlú ti ń tán lọ sí ọ̀nà Ìsẹ̀, tí oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, mo máa ń rí òkè Orólè láti orí àga mi. Nígbà ọyẹ́, òkè náà á pòórá bí ẹni pé wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò sì ń pè mí ní Tíṣà, títí kan àwọn tí n kò kọ́ rí.

Ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni ilé gàrí wà. Òpó mẹ́fà ni, páànù lórí, ògiri kò sí. Ààrò amọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ tí agbada ńlá jókòó lé, àti jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi ara ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin. Ìyàwó àbúrò mi ló ni ín. Àbúrò mi ti ṣaláìsí tipẹ́. Ilé gàrí yìí ni obìnrin náà fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, tó fi rán wọn níwèé, láì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Obìnrin márùn-ún ló ń bá a ṣiṣẹ́, opó sì ni méjì nínú wọn. Ọkọ mi ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ti ń pe ẹbí ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ni èmi náà ń pè é.

Ọjọ́ méjì tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń yan gàrí. Èéfín á rú láti òwúrọ̀, á gun orí páànù mi, á sì tàn ká àgbàlá.

Ìyàwó tèmi, ìyá ọmọ mi, wúkọ́ fún ọdún mẹ́ta kó tó kú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Adó, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ife. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sínú. Wọn kò sọ ohun tó fà á, tàbí wọ́n sọ ọ́ tí kò yé mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, ilé gàrí ni mo di ẹ̀bi náà rù. Mo ń kí ìyàwó àbúrò mi láràárọ̀, mo ń jẹ gàrí rẹ̀ lọ́sàn-án, mo sì ń di ẹ̀bi náà rù ú.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lọ́jọ́ tí wolé-wolé wọlé tọ̀ mí wá.

Àwa àgbà rántí wolé-wolé àtijọ́, àwọn tó máa ń ṣí ìdérí ìkòkò omi wò láti wá tanwíji, tí àwọn ìyá wa á máa sáré da omi nù bí wọ́n bá gbúròó wọn. Èyí tó wá bá mi kò wo inú ìkòkò. Obìnrin kan ni láti ìjọba ìbílẹ̀, ìyá ọlọ́mọ méjì, tó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin ni Tíṣà tó máa ń kọ òjò sílẹ̀.”

“Èmi náà ni. Ẹ̀kán kan kì í bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ báyìí.”

Ó yọ àpótí funfun kan jáde tí kò ju burẹ́dì onílà lọ. Ó ní àwọn fẹ́ mọ irú afẹ́fẹ́ tí àwa ará ìgbèríko ń mí, nítorí ojú ìlú ńlá nìkan ni wọ́n máa ń wò, bí ẹni pé èéfín kò mọ ọ̀nà oko. Ó ní eruku tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ni àpótí náà ń kà. Bí iná ara rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ dára. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, kí èèyàn kíyè sára. Bó bá pọ́n, kò dára. Kí n máa wò ó láago méje àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago méje ìrọ̀lẹ́, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, àpótí mìíràn ni mò ń rí. Ní pápá ilé ìwé wa àtijọ́, àpótí funfun kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ara rẹ̀ rí bí fèrèsé onípákó, tí òṣùwọ̀n ooru méjì wà nínú rẹ̀. Yunifásítì ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, nígbà tí a ṣì ń wọ aṣọ àwọ̀sókè dúdú lọ jẹun alẹ́, tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa sì máa ń sọ pé ẹni tó bá purọ́ nínú ìwé òjò, ilẹ̀ ló purọ́ fún. Mo padà wá sílé, mo fi ọgbọ́n náà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ikán jẹ ẹsẹ̀ àpótí náà. Wọ́n fi pákó rẹ̀ se ìrẹsì níbi àpèjẹ ìparí ọdún. N kò rò pé n ó tún rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló yan ibi tí wọ́n kàn án sí, lára ògiri fàráńdà, ó ga ju orí àga mi lọ díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí rẹ̀ o.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ta ló máa dáná ní fàráńdà?”

Ó lọ. Ilẹ̀ ń ṣú. Mo jókòó sórí àga mi, mo gbé àwo irin mi kalẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, mo fi ẹyin iná méjì sí i, mo sì da èèpo ọsàn lé e lórí nítorí ẹ̀fọn. Ìyàwó mi kì í da èèpo ọsàn nù. Bó bá bó ọsàn, èèpo rẹ̀ kì í já títí dé ìdí. Á fi okùn sín wọn, á so wọ́n kọ́ sókè àjà ilé ìdáná títí wọ́n á fi gbẹ, a ó sì máa sun wọ́n díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, èmi ni mò ń sun ún fún un. Lẹ́yìn tó lọ, n kò dáwọ́ dúró. Òórùn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé tó jọ tirẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe di olùṣọ́ afẹ́fẹ́. Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Láàárọ̀, àwọ̀ ewé. Lọ́sàn-án, àwọ̀ ewé, tàbí ìyeyè ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan gàrí. Nírọ̀lẹ́, pupa. Àná pupa, òní pupa. Bí mo bá ti kọ pupa tán, mo máa ń wo ẹ̀yìn ilé, n ó sì mi orí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kó ti tètè ta mí lólobó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà máa ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń yan gàrí lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo rí i. Mo tilẹ̀ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé èéfín ọjọ́ tó kọjá ló ṣì wà nílẹ̀, pé afẹ́fẹ́ tútù ìrọ̀lẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Jọ́gíráfì gidi ni àlàyé náà. Kò sí ohun tó ṣe é àfi pé kì í ṣe òótọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìgbìmọ̀ àyíká pè wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Alága wọn, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó fẹ̀yìn tì láti Èkó, wà lára àwọn tí mo kọ́ ní ilé ìwé girama. Ó ka ìwé mi sókè. Ó ní ìwé tí Tíṣà bá kọ, kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Wọ́n pinnu pé kí ilé gàrí kó lọ sí òdìkejì odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi dìde. Ìka rẹ̀ ṣì funfun fún ẹ̀gẹ́.

“Ẹ̀yin bàbá, odò yẹn, mọ́tò kò dé ibẹ̀. Kànga kò sí. Àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣe uṣẹ́ yìí, àgbà ni wọ́n. Ta ni nínú wọn ló máa ru ẹ̀gẹ́ sọdá odò? Bí mo bá kúrò ní ẹ̀yìn ulé ọkọ mi, ilé gàrí ti tú nìyẹn.”

“Ìlera gbogbo ìlú là ń wò, màmá,” ni alága wí.

Obìnrin náà yíjú sí mi. “Ọkọ mi, ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní ohun tí mo rí ni mo kọ. Ó jókòó. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ní a ó tún pàdé láti mọ ibi tó dé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìpàdé náà pé, mo ní láti lọ sí Adó kí wọ́n wo ojú mi tó ń ṣe bàìbàì. Ọmọ mi tó wà níbẹ̀ ní kí n lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Kò sí ẹni tó lè bá mi ka àpótí àfi ìyàwó àbúrò mi, tí kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo gbé ìwé náà fún un. Ó gbà á.

Mo dé láti Adó, mo ṣí ìwé. Ó ti fi lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kọ ọ́: EWÉ. EWÉ. EWÉ. Ọjọ́ kejì, tí wọ́n yan gàrí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó kọ ÌYEYÈ sí ọ̀sán. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́, EWÉ.

Inú bí mi débi pé n kò bọ́ bàtà tí mo fi jáde lọ bá a. Òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ jókòó yí ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o.

“Ìyàwó, kí lo kọ sínú ìwé mi?”

“Ohun tí mo rí, ọkọ mi. Ẹ káàbọ̀. Ojú ńkọ́?”

“Ojú mi dára tó láti mọ ayédèrú. Ìrọ̀lẹ́ kan kò tíì mọ́ lára àpótí yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Ọjọ́ mẹ́ta tí n kò sí nílé ló wá mọ́?”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn opó náà sọ lábẹ́lẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ ọ, pé, “Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà fẹ́ràn obìnrin.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín.

“Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọkọ mi. N kò kà tó yín. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ ewé bí mo bá rí i. Mo kọ ìyeyè níbi tó ti jẹ́ ìyeyè. Bí mo bá fẹ́ purọ́, kí ló dé tí n kò ní pa irọ́ náà pé?”

Mo ní kó wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí àwa méjèèjì jọ wò ó láago méje.

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀ àti ẹ̀pà nínú àwo. Ilé gàrí dákẹ́ lẹ́yìn wa. Òkè Orólè ń dúdú lọ lókèèrè. Ààrò kan kò gbóná.

“Ewé nìyẹn o,” ó fi ẹnu na àpótí. “Àbí èmi náà ni mo kùn ún?”

“Ní sùúrù. Kò tíì tó àsìkò.”

Ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbá ẹsẹ̀, mo ń gbá ọrùn. Mo dìde, mo gbé àwo irin mi wá, mo fi ẹyin iná sí i, mo já èèpo ọsàn kan sí wẹ́wẹ́ lé e lórí. Èéfín rẹ̀ tín-ín-rín gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òórùn náà gba gbogbo fàráńdà.

“Bí mo bá ti gbóòórùn èyí,” ó ní, “bí ẹni pé ìyálé mi fẹ́ jáde sí wa ni.”

Ìyàwó mi ló ń pè ní ìyálé rẹ̀. A jẹ ẹ̀pà. Iná ara àpótí di àwọ̀ ìyeyè. Kò pẹ́, ó pọ́n.

“Ṣé o rí i!” Mo fò dìde. “Pupa! Ṣé kì í ṣe ohun tí mo wí nìyẹn? Ilé gàrí yín...” Ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu mi, nítorí mo rántí pé ọjọ́ Ìsinmi ni.

Ó wo àpótí. Ó wo ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Ọkọ mi, kí lẹ gbé sábẹ́ rẹ̀ yẹn?”

“Èwo?”

“Èyí tó ń rú yìí.”

“Èèpo ọsàn ni.”

“Mo mọ̀ pé èèpo ọsàn ni.”

“Ẹ̀fọn ni mo fi ń lé.”

“Èmi mọ̀. Ṣé ẹ̀rọ náà mọ̀?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pè ní iná, pé láti kékeré ni a ti ń sun ún, pé bàbá mi sun ún, pé kò sí ilé kan tí mo gbé nínú rẹ̀ rí tí wọn kì í sun ún. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wúlò nínú wọn. Mo da omi sórí àwo. Ó ṣe ṣìì. A jókòó, a ń wo ara ògiri bí àwọn tó ń retí ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀, àpótí padà sí ìyeyè, ó sì di àwọ̀ ewé.

“Ẹ tún un sun,” ó ní.

Mo tún un sun. Ó tún pọ́n.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. “Yunifásítì!” ló ń wí. “Yunifásítì o!” Èmi náà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró lójijì, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

“Oṣù mẹ́ta ń lọ sí mẹ́rin, ọkọ mi. Èèpo ọsàn lẹ fẹ́ fi tú mi ká.”

Ó bọ́ sílẹ̀ ní fàráńdà, kò sì kí mi kó tó lọ.

Láàárín ọjọ́ Ìsinmi yẹn àti Ọjọ́bọ̀ ìpàdé, n kò mọ ohun tí ọkàn mi ń ṣe. Mo tún ìdánwò náà ṣe láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, èsì kan náà ni. Mo wá ìdí tí n kò fi ní sọ ọ́. Mo ní kò dájú. Mo ní bóyá àpótí ló bàjẹ́. Mo tilẹ̀ ronú pé bí wọ́n bá kó ilé gàrí lọ, afẹ́fẹ́ á kúkú dára sí i díẹ̀, ta ló máa mọ̀ ju èmi àti obìnrin kan tí wọn kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí tèmi? Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n wa àtijọ́ ń padà wá sí mi lọ́kàn. N kò rántí ojú ọkùnrin náà mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbó.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí alága tó ṣí ìwé, mo nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àwo irin, ti ẹyin iná, ti aago méje. Ẹnì kan wá kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà gba òdo!” Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ti fìgbà kan fún un ní òdo rí, ó sì jọ pé ó rántí.

Wolé-wolé, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. “Sà, ṣé mo sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná nítòsí rẹ̀?”

“O sọ ọ́. N kò mọ̀ pé ìyẹn náà ni.”

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ẹ̀bi tòun wà níbẹ̀, pé kò yẹ kí òun fi ìwé ṣiṣẹ́ láì wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fa igi lé ìpinnu àkọ́kọ́. Ilé gàrí á dúró sí ibi tó wà. Àpótí á kúrò lọ́dọ̀ mi lọ sí ara ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíkà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wolé-wolé ní ìyeyè ọ̀sán yẹn kì í ṣe èèpo ọsàn o, pé kí wọ́n mọ ọ̀pá èéfín gíga sí ààrò méjèèjì. Ìyàwó àbúrò mi ní òun á mọ ọ́n. Nígbà tí a ń jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wo ojú mi.

Mo dúró de wolé-wolé lábẹ́ igi. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo tì mọ́nú láti ọjọ́ Ìsinmi: ìyàwó mi tó wúkọ́, ṣé èèpo ọsàn ni?

“Ọdún mélòó lẹ fi sun ún, sà?”

“Ó ju ogójì lọ.”

Ó yí báàgì rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì. “Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ èéfín igi ìdáná. Ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́. Ó lè jẹ́ gbogbo wọn pọ̀, ó sì lè máà jẹ́ ọ̀kankan. N kò lè sọ, sà. Àpótí yẹn kò lè wo ẹ̀yìn.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí.

Wọ́n wá tú àpótí lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo gòkè àjà ilé ìdáná, mo já okùn èèpo ọsàn mẹ́fà tó kù, mo gbé wọn lọ sí ilé gàrí. Àwọn yòókù ti lọ sílé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ ìdí ààrò.

“Ìyàwó, mo wá bẹ̀ ọ́.”

Ó ń gbálẹ̀ lọ.

“Mo di ẹ̀bi rù ọ́. Kì í ṣe ti àpótí nìkan. Ti ìyálé rẹ pẹ̀lú. Èéfín rẹ ni mo rò pé ó pa á.”

Ìgbálẹ̀ dúró. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ mi, ó ní kí n jókòó.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé orí ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ló máa ń jókòó sí?”

“Ta ni?”

“Ìyálé mi. Ní ọdún tó kẹ́yìn yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á rìn wá díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun máa ń mí dáadáa níbí ju fàráńdà lọ. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, níbi èéfín? Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ùsọ̀rọ̀ àwa obìnrin ló fẹ́ gbọ́.”

Mo rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ náà. Mo rántí pé ó máa ń dìde, á ní òun ń lọ kí ìyàwó, n ó sì máa dá jókòó pẹ̀lú àwo irin. N kò bínú nígbà náà. Mo rò pé ó ń sá fún ẹ̀fọn.

“Kò sọ fún mi rí,” ni mo wí. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń sun ún fún un, ọkọ mi.”

Ó na ọwọ́ sí okùn èèpo ọsàn náà. Ó ní ó máa ń tètè gbaná, pé òun á fi ran ààrò lọ́jọ́ ọjà. Mo kó márùn-ún fún un. Nígbà tó kan ìkẹfà, ọwọ́ mi kò tú. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbá ilẹ̀ lọ.

Èyí tó kù náà wà lórí ìṣó nínú yàrá mi. N kì í sun ún, n kò sì lè dà á nù. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, mo máa ń jókòó ní fàráńdà, kí ẹ̀fọn máa jẹ mí, kí n máa wo àmì funfun lára ògiri. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, mo máa ń dìde, n ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, n ó sì jókòó sórí àpótí ìjókòó yẹn. Mo máa ń mí sínú, mo máa ń mí síta, láti mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà. Ní àwọn ọjọ́ kan, ó máa ń jọ pé ó wà.